Fífi dísíríbútọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá

Dísíríbútọ̀ ni ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tó ń gba iná lọ́wọ́ kọ́ìlì, tó sì ń pín in fún àwọn pílọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú Volkswagen Beetle, ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀ sí Ìjàpá, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó lọ́dún 1975, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, dísíríbútọ̀ sì dúró lórí rẹ̀. Bí kíráńkì, ọ̀pá tí àwọn písítìnì ń yí, bá yí lẹ́ẹ̀mejì, róótọ̀, apá tó ń yí nínú dísíríbútọ̀, á yí lẹ́ẹ̀kan, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba iná ní ìtẹ̀léra 1-4-3-2.

Ahọ́n tó wà lẹ́sẹ̀ dísíríbútọ̀ kò sí láàárín gbùngbùn, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà wọlé. Ẹni tó kàn yọ ọ́, tó sì dá a padà, kò lè fi í sódì. Irin eléyín tó ń yí i láti ìsàlẹ̀ ni oníwàhálà. Bí wọ́n bá yọ ìyẹn náà, ìgbà tí písítìnì sílíńdà 1 bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dé òkè pátápátá ni wọ́n ń dá a padà: ojú àlà orí rẹ̀, tí ahọ́n dísíríbútọ̀ ń wọ̀, á dábùú ilà tí igbá ẹ́ńjìnnì ti pàdé, apá tó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlà náà á sì kọjú sí púlì, wíìlì tó wà lẹ́nu kíráńkì. Sípíríǹgì kékeré kan wà lórí irin yìí, wọ́ṣà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́ṣà bá já bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò sì rí i fà jáde, ẹ́ńjìnnì di títú nìyẹn.

Àmì ara púlì nìkan kò tó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń bọ́ sójú ilà igbá ẹ́ńjìnnì kí sílíńdà 1 tó gba iná lẹ́ẹ̀kan. Ti sílíńdà 3 ni ìkejì. Mẹ́káníìkì ń ṣí ìdérí wò bóyá róótọ̀ kọjú sí ilà kékeré tí wọ́n gé sí etí dísíríbútọ̀. Ẹni tó bá ṣì í mú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa yìnbọn gba kábúrétọ̀ jáde.

Àlàfo kọ́ńtáàtì, ìyẹn irin méjì tó ń pa dé tó sì ń ṣí nínú dísíríbútọ̀, jẹ́ mìlímítà 0.4; òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ tún ṣe, torí bó bá yí padà, táímínì, ìyẹn àkókò tí iná ń dé pílọ́ọ̀gì, náà á yẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì 1300 àti 1500 ti ọdún 1966 àti 1967, dìgíríì 7.5 ṣáájú òkè pátápátá ni táímínì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Wọ́n á so gílóòbù mọ́ ẹnu kọ́ìlì tí wáyà dísíríbútọ̀ wà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kejì kan ara ọkọ̀, wọ́n á wá ṣí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á dẹ nọ́ọ̀tì tó di dísíríbútọ̀ mú, wọ́n á yí dísíríbútọ̀ bí ọwọ́ aago títí kọ́ńtáàtì á fi pa dé, lẹ́yìn náà wọ́n á rọra dá a padà. Gẹ́rẹ́ tí gílóòbù bá tàn, wọ́n á dè é mọ́bẹ̀.

Sílíńdà 1 ni wọ́n ń lò fún gbogbo èyí. Nínú ọ̀pọ̀ dísíríbútọ̀ tó ṣáájú ọdún 1971, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí iná sílíńdà 3 pẹ́ díẹ̀, torí ohun tó ń tu ọ́ìlì lára dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń gbóná ju àwọn yòókù lọ.