Ẹ Ní Kí Físíò Yẹ Ojú Wọn Wò

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ (èyí tí wọ́n ń pè ní stroke) bá kọlù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ilé máa ń ṣọ́. Ṣé ó ti gbẹ́sẹ̀? Ṣé ó ti lè di ṣíbí mú? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa físíò. A ó na apá, a ó tẹ orúnkún, a ó mú un rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ́ridọ̀. Ojú rẹ̀ là ń wò tá a bá ń kí i, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mò ń kọ́ àwọn físíò tó ń bọ̀ lẹ́yìn, láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, ni bí wọ́n á ṣe máa yẹ ìríran wò kí wọ́n tó gbé aláìsàn dìde. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé náà mọ̀ ọ́n, kí ẹ lè béèrè fún un.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2019, fi hàn pé nínú èèyàn 10 tó yè bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀, bíi 6 ni àìsàn náà ba ìríran wọn jẹ́ lọ́nà kan tàbí òmíràn. Ẹ wá ro ti àwọn tó forí gbálẹ̀ lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin mọ́ ọn, pàápàá àwọn ọlọ́kadà tó jẹ́ pé orí hándù ni wọ́n ń gbé akoto kọ́.

Ẹyin ojú kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ni. Ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi ìpàkọ́, la ti ń mọ ohun tá a rí. Apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń bá wa rí ohun tó wà lósì, apá òsì ló ń bá wa rí ohun tó wà lọ́tùn-ún. Gbogbo àárín orí ni ọ̀nà tó so ojú mọ́ ìpàkọ́ gbà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún rọpárọsẹ̀ láti gé e. Tí wáyà bá já lórí òpó, ẹ pààrọ̀ gílóòbù títí ilẹ̀ á fi mọ́, iná ò ní tàn.

Ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ jù lẹ́nu aláìsàn ni pé, “Ojú mi òsì ò ríran mọ́.” Kíá, àwọn ọmọ á ti lọ ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Tẹ́ ẹ bá ní kó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kó tún fọwọ́ bo tòsì, ẹ máa rí i pé ojú méjèèjì ló ń ríran, àmọ́ gbogbo ohun tó wà lápá òsì ti pòórá mọ́ méjèèjì lọ́wọ́. Bá a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ò la owó lọ. Màá jókòó kojú aláìsàn, kò ju bí apá ṣe gùn lọ. Á bo ojú kan, á tẹjú mọ́ imú mi, èmi náà á bo ojú kan tó kọjú sí tiẹ̀. Màá wá máa ti ẹ̀gbẹ́ mú ìka mi bọ̀, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, á sì sọ ìgbà tó bá rí i. Ó máa ń jọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lójú bí eré ọmọdé, àfi ìgbà tí ìka bá kọjá níwájú èèyàn tí kò sì mọ̀.

Nílé, ẹ lè fura ṣáájú wa. Ẹni tí apá òsì ti pòórá mọ́ lọ́wọ́ lè ka “Ìjẹ̀bú-Òde” lára pátákó kó pè é ní “Òde.” Álẹ́ẹ̀tì báńkì 12,000 náírà á di 2,000. Ìyá kan tó ń tajà ní Òkè Ajé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbà pé iyè ìyá ti ń ra, torí bí ìyá ṣe ń ṣi owó kà. Iyè ìyá pé pérépéré. Nọ́ńbà tó ṣáájú, lápá òsì, ni ojú ìyá ò rí.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni kí ọpọlọ gbàgbé pé apá òsì wà rárá. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ bá bá apá ọ̀tún ọpọlọ jà. Ìyàwó bàbá kan gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú wọn. Bàbá jẹ apá ọ̀tún abọ́ mọ́ tónítóní, ó dá ààlà sáàárín bí ẹni fi ọ̀bẹ là á, inú sì ń bí wọn pé wọn ò fẹja sí i. Apá òsì ni ẹja wà. Ìyàwó ò fèsì, wọ́n kàn yí abọ́ po. Bàbá wò ó, wọ́n ní, “Ìgbà wo lo wá gbé e síbẹ̀?” Irú wọn lè fá ìdajì irùngbọ̀n, kí wọ́n wọ apá agbádá kan ṣoṣo, kí aládùúgbò máa sọ pé ayé ló ṣe wọ́n, tàbí pé agídí ni. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan kàn pòórá mọ́ lọ́wọ́ lè mọ̀ pé nǹkan ń sọnù, ẹ lè kọ́ ọ kó máa yí ọrùn. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀gbẹ́ náà ò mọ̀ pé ohunkóhun sọnù, nítorí náà ìtọ́jú wọn ò lè dọ́gba. Bébà la fi ń dá wọn mọ̀: a ó fa ìlà kan, a ó ní kó fi pẹ́ńsù sàmì sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Tàbí ká fa ìlà kéékèèké káàkiri bébà kó máa fagi lé wọn. Láti 1973 ni wọ́n ti ń lo ti ìlà kéékèèké yẹn, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Iṣan mẹ́fà ló ń yí ẹyin ojú kọ̀ọ̀kan, okùn mẹ́ta láti inú ọpọlọ ló sì ń darí wọn. Tí ọ̀kan bá ṣèṣe, èèyàn á máa rí nǹkan méjì-méjì. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé orí wọn kàn gbálẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ò jáde, wọ́n sì ti padà sílé ìwé, àmọ́ ìwé kíkà ti di orí fífọ́ àti òòyì. Tíṣà á ní ọ̀lẹ ni. Ní 2014, àwọn oníṣẹ́ ìṣègùn ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà ìyẹ̀wò kan jáde fún irú wọn. Ara rẹ̀ ni pé kí èèyàn máa wo lẹ́tà kan bó ṣe ń sún mọ́ imú. Tó bá ti di méjì nígbà tó ṣì jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú méjèèjì ò pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Tépù télọ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n.

Kókó tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ti Mary Warren, onímọ̀ ìtọ́jú kan ní Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1993: ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ríran kedere, ṣé gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ń rí, ṣé ojú ń yí bó ṣe yẹ? Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń yẹ ìfọkànsí àti iyè wò. Ẹ má fi àwòrán wá aláìsàn nídìí, kẹ́ ẹ sì kọ sínú fáìlì pé iyè rẹ̀ ti ra, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì àwòrán ló rí. Àwọn onímọ̀ irú Warren yìí, tó ń kọ́ aláìsàn bó ṣe máa padà sídìí iṣẹ́ ojoojúmọ́, ò pọ̀ nílẹ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ wọn wà ní Òṣòdì. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí físíò kọ́ ọ, torí òun ló ń rí aláìsàn lemọ́lemọ́.

Ní ti ìtọ́jú, èyí tó ń padà nínú ìríran tó pòórá sábà máa ń padà láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní òun máa fi oògùn tàbí ẹ̀rọ dá gbogbo rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún kan, ẹ fi owó yín sápò. Ohun tá a ń ṣe ni pé ká kọ́ ojú láti máa lọ wá ohun tí ò rí. A ó lẹ téèpù pupa mọ́ etí òsì ìwé, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun láìjẹ́ pé ó rí pupa. A ó mú un rìn gba kọ́ridọ̀, kó máa ka ilẹ̀kùn tó wà lósì. Tó bá yá, a ó mú un wọ ọjà. Fóònù àti omi, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tó ń rí, kó má baà ṣubú níbi tó ti ń wá a, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a tàkúrọ̀sọ, ẹ lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí ò rí. Ẹni tó ń rí nǹkan méjì, a lè bo ojú kan fún un, tàbí ká lẹ sẹ́lótéèpù tí ò mọ́ kedere mọ́ apá kan awò rẹ̀. Ẹ má tíì sáré ra awò olówó ńlá, torí ojú ṣì lè yí padà fún oṣù bíi mẹ́fà. Kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò, kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó.

Físíò kì í ṣe dókítà ojú o. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma náà máa ń jí ẹ̀gbẹ́ ìríran lọ láìpariwo, ó sì pọ̀ láàárín wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka ojú rí i, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìjọba ní Ṣàgámù tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn. Tí ìpéǹpéjú kan bá já wálẹ̀ lójijì, tí ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀ ju èkejì lọ, tí orí sì ń fọ́ gidigidi, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún ń bọ̀ lọ́dọ̀ físíò, ẹ kọ ọ́ sínú bébà: ẹ̀gbẹ́ wo ló ń kọlu ilẹ̀kùn, apá ibo ni oúnjẹ máa ń ṣẹ́ kù sí nínú abọ́, ìgbà wo ni nǹkan ń di méjì. Ẹ sì mú awò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ dání. Àìmọye aláìsàn là ń yẹ̀ wò tí awò wọn wà nílé lórí fíríìjì.