Wọ́n ní wọ́n ti hú òwìwí wúrà: èéṣe tí àwọn tó ń wá a kò fi gbà?

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìròyìn jáde láti ilẹ̀ Faransé pé wọ́n ti hú ère òwìwí kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún eré wíwá ìṣúra, tí àwọn èèyàn sì ti ń wá láti ọdún 1993. Ìkéde náà kò gùn: wọ́n hú ère náà lóru àná, ojútùú rẹ̀ ti dé ọwọ́ àwọn, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ lọ gbẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ìṣúra kò yọ̀. Ta ni? Níbo? Báwo ló ṣe tú u? Ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn. Ìwà wọn ya àwọn tí kò mọ eré náà lẹ́nu, àwọn ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi wá nìyí.

Irú eré wo nìyí?

Ẹnìkan á ri ohun iyebíye mọ́lẹ̀, á wá kọ ìwé tó kún fún àlọ́ àti àwòrán tó ń tọ́ka síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú u tó sì débẹ̀ ló ni ín. Ti òwìwí yìí, àlọ́ 11 ni. Régis Hauser, tó ń jẹ́ Max Valentin nínú eré náà, ló kọ ọ́. Michel Becker ló ya àwòrán, òun náà ló ṣe ère. Ère idẹ ni wọ́n rì. Ẹni tó bá hú u á fi gba èyí tí wọ́n fi wúrà àti fàdákà ṣe.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ohun tí wọ́n mọ̀ pa mọ́ fún ara wọn?

Nítorí pé ẹnìkan ṣoṣo ló máa jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ti tú àlọ́ 9, tí ẹlòmíràn sì ti tú 2 tó ṣòro fún yín, gbólóhùn kan tó bọ́ lẹ́nu yín lè parí iṣẹ́ fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti wá tì ni wọ́n máa ń sọ ní gbangba. Èyí tó ṣì dá wọn lójú, àárín ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń mọ sí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín in.

Mi ò bá wọn wí. Síbẹ̀, ìpamọ́ yìí ń ṣe wọ́n ní ìjàǹbá, nítorí ojútùú tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò kò ní alátùn-únṣe. Èèyàn lè fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́ àyíká abúlé kan, kó sì jẹ́ pé inú àlọ́ kejì ni àṣìṣe rẹ̀ wà, níbi tí ojú ẹlòmíràn ì bá ti rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ṣé irọ́ ni àwọn tó ní àwọn ti tú u ń pa?

Rárá. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn gbà á gbọ́ dénú.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ mú gbólóhùn kan nínú àlọ́, kí ẹ sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà. Tí kò bá bá ibi tó wà lọ́kàn yín mu, ẹ kà á láti ẹ̀yìn. Tí kò bá tún ṣe é, ẹ fo kan kí ẹ mú kan. Bí ẹ bá ń yí òfin padà báyìí, kò sí abúlé kan lórí máàpù tí kò ní í jáde.

Ojútùú tòótọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1979, ayàwòrán kan, Kit Williams, ri ehoro wúrà kan mọ́lẹ̀ ní Ampthill, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ìwé àwòrán kan ṣe àlọ́ rẹ̀. Nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fa ìlà láti ojú ẹ̀dá inú rẹ̀, á gba orí ìka tó gùn jù, á sì bọ́ sórí lẹ́tà kan létí àwòrán. Àwọn lẹ́tà yẹn ló para pọ̀ di ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí àgbélébùú ìrántí Ọbabìnrin Catherine: ibi tí òjìji rẹ̀ bá kàn ní ọ̀sán gangan, lọ́jọ́ tí ọ̀sán àti òru gùn dọ́gba, ni kí ẹ gbẹ́. Òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ láti àwòrán àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ẹnikẹ́ni tó bá sì tẹ̀ lé e, ibẹ̀ náà ló máa já sí.

Kí ló dé tí wọn kì í gba ìkéde gbọ́, kódà tó bá ti ẹnu ẹni tó ṣètò eré náà jáde?

Ehoro yẹn kan náà ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1982, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ken Thomas ya àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́, Williams sì gbà pé ó borí. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà àwọn olùkọ́ físíìsì méjì dé, àwọn tó tú gbogbo àlọ́ náà bó ṣe yẹ. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní oṣù Kejìlá 1988, ìwé ìròyìn Sunday Times tú àṣírí: Thomas kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò sì ń fẹ́ obìnrin kan tó ti fìgbà kan jẹ́ olólùfẹ́ Williams. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn náà ṣe sọ, ohun tí obìnrin yẹn mọ̀ nípa Williams ni wọ́n fi dé Ampthill. Williams alára kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ òwìwí náà ní tirẹ̀. Hauser kú ní ọdún 2009. Nígbà tí Becker lọ hú ibẹ̀ wò ní ọdún 2021, ẹyẹ irin tó ti dípẹtà ló bá, kì í ṣe ère idẹ. Ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ti ń wá idẹ láti ọdún 1993 lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí èyí àkọ́kọ́ wọlẹ̀ sí.

Kí ló dé tí ẹni tó rí i kì í fẹ́ ká mọ òun?

Ẹ̀rù olè, àti ẹ̀rù ẹjọ́. Nígbà tí Forrest Fenn kéde ní oṣù Kẹfà 2020 pé wọ́n ti rí àpótí wúrà tí òun gbé pa mọ́ sí àwọn Òkè Rocky ní Amẹ́ríkà, kò dárúkọ ẹni tó rí i. Ẹjọ́ ló mú kí orúkọ náà jáde ní oṣù Kejìlá: akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ni. Ó kọ̀ láti sọ ojú ibẹ̀ gan-an, nítorí kò fẹ́ kí èrò máa wọ́ lọ síbẹ̀. Lójú tèmi, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ pa mọ́. Ojútùú ni kò yẹ kí wọ́n fi du àwọn tó ti fi ọdún mẹ́wàá wá a.

Ẹ̀rí wo ló tó?

Ojútùú ní kíkún, tí àjèjì lè tẹ̀ lé láti àlọ́ àkọ́kọ́ dé etí ihò. Fọ́tò ohun tí wọ́n hú nìkan kò tó.

Ṣé ewu wà nínú eré yìí?

Ó wà, ó sì ti pa èèyàn. Èèyàn 5 ló kú níbi tí wọ́n ti ń wá àpótí Fenn, láàárín òkè àti odò tó ń ru. Wọ́n sì rán ọkùnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 nítorí pé ó ń gbẹ́ itẹ́ òkú Fort Yellowstone kiri. Bí àlọ́ bá gbé yín dé etí bèbè tàbí orí sàréè, ẹ padà sídìí ìwé. Ẹ má dá lọ, ẹ sì sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnìkan nílé, bó ti wù kí àṣírí náà dùn tó.

Ẹnìkan ní kí n sanwó kí òun fi ojútùú hàn mí ńkọ́?

Ẹ má san. Ẹni tí ibẹ̀ dá lójú á lọ gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀.

Ṣé nǹkan ṣì ṣẹ́kù láti wá?

Ó ṣẹ́kù. Byron Preiss ri àpótí 12 mọ́lẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà, ó sì gbé àlọ́ wọn jáde ní ọdún 1982. Mẹ́ta ni wọ́n tíì rí: Chicago ní 1983, Cleveland ní 2004, Boston ní 2019. Preiss kú ní 2005. Ti Boston ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fi ṣe àwòkọ́ṣe: abẹ́ pápá ìṣeré kan tí wọ́n ń tún ṣe ni àpótí náà wà. Ẹni tó tú àlọ́ náà kò fi òru lọ gbẹ́ ẹ. Ó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó ń wá fún wọn, wọ́n sì bá a hú u.