Òjò Kan Náà, Òrùlé Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Irú Ọkàn Tí Ìran Máa Ń Bá

Ká sọ pé òru Fúráìdé ni, lórí òkè àdúrà kan lẹ́yìn Àkúrẹ́. Ogójì èèyàn ló gun òkè náà. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kan náà ni wọ́n gbà, orin kan náà ni wọ́n ń kọ, òtútù kan náà ló ń mú gbogbo wọn. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta, màmá kan bọ́ sínú ẹ̀mí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ kan gbé òun mì, òun ò mọ ibi tí ara òun parí sí àti ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́ ò rí nǹkan kan. Ẹ̀fọn ló ń pa.

Èsì méjì ló máa ń yá àwọn èèyàn lẹ́nu. Àwọn kan á ní ẹ̀ṣẹ̀ ló dí bàbá yẹn lójú. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti kàwé díẹ̀, á ní ebi ló ń dààmú màmá, tàbí pé nǹkan ti ń ṣe é lórí. Èsì kejì yìí ló ń bíni nínú jù, torí ó ń ṣe bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ka àwọn tó wà lórí òkè tán. Bó bá jẹ́ ebi ni, ṣebí gbogbo ogójì lebi ń pa.

William James, onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn ní Amẹ́ríkà, ti to àmì irú ìrírí yìí sílẹ̀ láti 1902: kò ṣeé ròyìn tán, ó máa ń dà bí ìmọ̀ tó dájú, kì í pẹ́, ó sì máa ń ṣe ẹni tó bá bíi pé agbára kan ló gbá òun mú. Ìyẹn ti tó. Ta ló máa ń bá gan-an?

Ní 1974, àwọn onímọ̀ ọkàn méjì, Auke Tellegen àti Gilbert Atkinson, ń wá irú èèyàn tí hypnosis (kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mú ọkàn èèyàn bí ẹni tó ń sùn) máa ń tètè mú ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá kan ìwà kan tí wọ́n pè ní absorption. Ní tiwa, ká pè é ní ìgbọ́kànlọ. Ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́, tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn. Ẹni tó gbọ́ ìlù kan, tí omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ẹni tó ń wo kùrukùru lórí Òkè Ìdànrè títí tó fi gbàgbé pé ọkọ̀ ń dúró de òun. Ìbéèrè 34 ni wọ́n fi ń wọn ìwà yìí. Kéèyàn máa ṣí ọkàn sílẹ̀ fún ohun tuntun náà wà lára ìwà àwọn tó ń ríran, àmọ́ ìgbọ́kànlọ ló ń dùn ún tọ pinpin.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn wé òrùlé. Òjò kan náà ń rọ̀ sí Òkè Àró àti Àlágbàká l'Àkúrẹ́. Nínú ilé onípáànù tí kò ní sílíìnì, èèyàn ò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Nínú ilé oní-dẹ́kìn, ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè máà mọ̀ pé òjò rọ̀ àfi tó bá jáde tó tẹ omi. Kò sẹ́ni tó máa ní ilé onípáànù ti ya wèrè, kò sì sẹ́ni tó máa ní Ọlọ́run fi òjò du oní-dẹ́kìn. Ṣùgbọ́n páànù tún ní ìwà kan: máńgòrò kan ṣoṣo já lù ú lóru, gbogbo ilé á ta gìrì jí. Alángbá sáré kọjá, wọ́n á ní olè ni.

Irú máńgòrò yẹn já ní Sweden. Michael Persinger, onímọ̀ kan ní Kánádà, ti ń lo akoto kan tó ń rán agbára òòfà tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ orí. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dé e máa ń rí i lára bíi pé ẹnì kan wà pẹ̀lú òun. Àwọn oníròyìn sọ ọ́ ní akoto Ọlọ́run. Ní 2005, Pehr Granqvist àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden kó akẹ́kọ̀ọ́ 89 jọ láti dán an wò. Wọ́n tan akoto fún àwọn kan, wọ́n pa á fún àwọn yòókù. Ẹni tó dé e kò mọ èyí tó jẹ́, ẹni tó ń bá wọn dé e náà kò mọ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Àwọn kan ní ìrírí tó lágbára lábẹ́ akoto tí kò ṣiṣẹ́ rárá! Ohun tó ya èèyàn sọ́tọ̀ ni ìwà tí kálukú gbé wọlé, ìgbọ́kànlọ sì wà nínú rẹ̀. Persinger fèsì pé wọn ò lo ẹ̀rọ òun bó ṣe yẹ.

Òrùlé sì ṣeé tún kàn. Tanya Luhrmann, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún àwọn Kristẹni kan ní àdúrà ojú inú láti máa gbà: kí wọ́n rí Olùṣọ́-àgùntàn, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún nǹkan bí oṣù kan. Àwọn yòókù kàn ń gbọ́ ẹ̀kọ́ Ìhìnrere ni. Àwọn ti ojú inú ni àwòrán ọkàn wọn túbọ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ìwádìí mìíràn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2021, tó dé Ghana, China, Thailand, Vanuatu àti Amẹ́ríkà, ohun méjì ló bá ìrírí ẹ̀mí rìn: ìgbọ́kànlọ, àti ìgbàgbọ́ pé ọkàn kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n dé pa. Àwa tá a ń sọ pé "ara mi ti ń sọ fún mi" kò kan sílíìnì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè kò lè sọ ohun tó já lu páànù o. Ní 1928, Joseph Babalola, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ títì, gbọ́ ohùn tó pè é lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ìbéèrè 34 yẹn ṣì ku ọdún 46 kó tó dé, bó sì tiẹ̀ wà nígbà náà, irú òrùlé tí Babalola ní nìkan ni ì bá sọ.

Ní ti wèrè, òótọ́ ni pé àwọn ìwà kan pa aríran àti wèrè pọ̀. Gordon Claridge, onímọ̀ ọkàn ní Oxford, sọ ọ́ tipẹ́ pé èèyàn lè ní wọn dáadáa kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ohun tó yẹ ká wò ni bóyá ìrírí náà ń wá tó sì ń lọ, àti bóyá ó ń da ayé onítọ̀hún rú. Màmá orí òkè sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ó ṣí ìsọ̀ rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba, kò sì ṣi ṣéńjì ẹnikẹ́ni kà. Bàbá ẹlẹ́fọn ni oorun ń kùn títí di ọ̀sán.