Abẹ̀bẹ̀ Wi-Fi tó kún kì í ṣe ẹ̀rí pé íntánẹ́ẹ̀tì yára

Ní àdúgbò wa ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, màmá kan wà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà ní alaalẹ́. Bí aago mẹ́jọ bá ti ń lù, àwòrán wọn á dúró sójú kan, ohùn wọn á máa já, àwọn òbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè láti béèrè ìdí tí ẹ̀kọ́ fi dúró. Wọ́n ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri inú ilé, tuntun tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n gbé e sórí tábìlì tí wọ́n ti ń kọ́ni gan-an, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí ni àmì kékeré tó dà bí abẹ̀bẹ̀ lókè fóònù wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wò ó, ó kún. Kí ló tún kù tí íntánẹ́ẹ̀tì yìí ń fẹ́?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ ìdílé tó ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná nítorí abẹ̀bẹ̀ yẹn. Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ ni pé bí àmì Wi-Fi bá ti kún, íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ yára, àti pé bí kò bá yára, ráútà ló bàjẹ́. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Gbogbo wa la ti rí i pé nígbà tí abẹ̀bẹ̀ bá ṣófo, íntánẹ́ẹ̀tì a máa fà tàbí kó lọ pátápátá, ó sì rọrùn láti inú èyí láti rò pé nígbà tó bá kún, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ dára. Apá kìíní ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n apá kejì kò tẹ̀ lé e.

Ohun kan ṣoṣo ni abẹ̀bẹ̀ náà ń wọ̀n, ìyẹn bí fóònù ṣe ń gbọ́ ohùn ráútà sí. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ òdo, dBm, òṣùwọ̀n agbára ìgbì rédíò, ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n: -50 lágbára gan-an, -70 ṣì ṣeé fara mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti ń sún mọ́ -80 lọ, ìṣòro ti dé. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló máa ń pinnu iye ìlà tí òun yóò fi hàn fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí fóònù méjì tó wà lórí tábìlì kan náà fi lè fi iye ìlà tó yàtọ̀ hàn. Kò sí ohunkóhun nínú ìwọ̀n yìí tó kan iye détà tó ń wọlé láti ìta. Ráútà tí kò ní káàdì SIM kankan nínú, tí wọn kò so okùn kankan mọ́, yóò ṣì mú kí abẹ̀bẹ̀ fóònù yín kún.

Ìrìn méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì máa ń rìn kó tó dé ọwọ́ wa. Ti àkọ́kọ́ ni láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá sínú ráútà, yálà láti ara òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láti inú okùn fáíbà, tàbí láti ara sátẹ́láìtì. Ìrìn kejì ni láti inú ráútà dé orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, èyí sì ni Wi-Fi. Èyí tó bá lọ́ra jù nínú méjèèjì ló ń pinnu ìyára tí a óò rí. Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ìkòròdú mọ̀ pé bí ọ̀nà bá dí ní Mile 12, bó ti wù kí títì iwájú ilé òun dán tó, kò lè mú un tètè dé ilé. Abẹ̀bẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa títì iwájú ilé nìkan.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, gbogbo Nàìjíríà rí ẹ̀rí èyí. Lọ́jọ́ náà, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn báńkì kan kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀pọ̀ ojú-òpó kò sì ṣí. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ohun tó ṣe Wi-Fi inú ilé wa. Ìrìn àkọ́kọ́ ló bàjẹ́, abẹ̀bẹ̀ kò sì ní ọ̀nà kankan láti mọ̀.

Nítorí náà, kí a tó ná kọ́bọ̀, ó yẹ kí a mọ èyí tó ní àrùn nínú ìrìn méjèèjì, àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì nira. Ẹ gbé fóònù tàbí kọ̀ǹpútà dé ibi tí kò ju ìgbésẹ̀ méjì sí ráútà, ẹ yọ àwọn ẹ̀rọ yòókù kúrò lórí Wi-Fi fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì wọn ìyára ní fast.com tàbí Speedtest. Bí ẹ bá ní okùn tó lè so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà tààrà, ìyẹn tún dára jù, nítorí ó ti yọ Wi-Fi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí yàrá tó ti ń yọ yín lẹ́nu, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Bó bá lọ́ra níwájú ráútà, ìta ni ìṣòro wà, ráútà olówó ńlá tí a kàn fi rọ́pò ti àtijọ́ kò sì dájú pé yóò yanjú rẹ̀. Bó bá yára níwájú ráútà ṣùgbọ́n tó lọ́ra nínú yàrá, inú ilé ni ìṣòro wà, kò sì sí ìdí láti máa bá ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà. Ẹ ṣe é ní òwúrọ̀, ẹ tún un ṣe ní alẹ́, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, nítorí ìgbà kan ṣoṣo kò tó láti fi ṣe ìdájọ́.

Ní ilé màmá, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n níwájú ráútà tuntun náà. Détà tó ń wọlé kò pé 2 Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òṣùwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì), èyí tó ń jáde kò sì pé ìdajì Mbps kan. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lórí tábìlì kan náà, pẹ̀lú ráútà kan náà, èyí tó ń wọlé lé ní 20, èyí tó ń jáde sì jẹ́ 6. Abẹ̀bẹ̀ kún nígbà méjèèjì. Òpó tó ń fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo àdúgbò jọ ń lò, bí àwọn ènìyàn bá sì ti dé láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n jókòó ti fíìmù àti fídíò, ohun tó ń kan ilé kọ̀ọ̀kan á dín kù. Ráútà kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí détà tó ń jáde, nítorí àwọn ènìyàn kì í wò ó. Ìyára tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń kọ gàdàgbà sínú ìpolówó ni ti èyí tó ń wọlé. Ẹni tó ń wo fíìmù nìkan lè gbà bẹ́ẹ̀, Netflix fúnra rẹ̀ sì sọ pé 5 Mbps tó fún àwòrán tó mọ́ kedere (1080p), nígbà tí 4K, tó mọ́ ju ìyẹn lọ, ń fẹ́ 15. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ni, tó ń ṣe ìpàdé, tàbí tó ń gbé fídíò ọjà sókè, détà tó ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn fi ń rí i, bí èyí bá sì kéré, ojú rẹ̀ á máa dúró sójú kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ń rí wọn kedere. Ẹ tún kíyè sí i pé Mbps tí wọ́n fi ń polówó kì í ṣe MB (mẹ́gábáìtì) tí a fi ń ka ìwọ̀n fáìlì: 8 Mbps ló máa ń gbé MB kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ra 40 Mbps, tó sì rí i pé fáìlì òun ń wọlé ní MB 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ń gba ohun tó sanwó fún gan-an.

Bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé ìta ni ìṣòro wà, yíyan íntánẹ́ẹ̀tì di ọ̀rọ̀ ibi tí ilé yín wà ju ọ̀rọ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó dára jù ní gbogbo Ìkòròdú, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ọ̀kan wà, ilé tirẹ̀ ló ń sọ. Ẹ pe àwọn aládùúgbò tàbí ọ̀rẹ́ tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì oríṣiríṣi, kí ẹ pa Wi-Fi fóònù wọn, kí ẹ sì wọn ìyára káàdì SIM kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ráútà yóò wà, ní wákàtí tí ẹ máa ń lò ó jù. Díẹ̀ ni détà tí àyẹ̀wò yìí yóò jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ráútà. Níbi tí okùn fáíbà bá ti dé òpópónà yín, òun ni mo máa kọ́kọ́ yàn, nítorí ìyára rẹ̀ kì í sábà lọ sókè-sódò bíi ti òpó. Starlink, tó dé Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, wúlò gan-an ní àwọn ibi tí òpó kò sún mọ́, nítorí sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 480 sí 550 kìlómítà lókè ló ń lò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run gbangba. Igi máńgòrò tó ṣíji bo òrùlé tó láti máa já a lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti àwọn ètò détà tí wọ́n ń pè ní aláìlópin, ẹ ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní iye kan tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti lò ó tán, wọn yóò dín ìyára yín kù títí di ìparí oṣù.

Ọ̀rọ̀ 5G náà tún máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Ọ̀pọ̀ ráútà máa ń fi orúkọ Wi-Fi méjì hàn, tí ọ̀kan sì máa ń ní "5G" ní ìparí, àwọn tó rí i á sì máa yọ̀ pé àwọn ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G. Ohun tí àmì yẹn ń sọ ni 5 GHz, ọ̀kan nínú ìgbì rédíò méjì tí Wi-Fi inú ilé sábà máa ń lò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G, tí MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Nàìjíríà ní ọdún 2022, wà lórí òpó níta. Ráútà 4G lè ní Wi-Fi 5 GHz, kó má sì mọ ohunkóhun nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G.

Bó bá jẹ́ inú ilé ni ìṣòro wà, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ìgbì 2.4 GHz ń rìn jìnnà, ó sì ń gba ara ògiri kọjá ju 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n ó lọ́ra jù, gbogbo ilé tó yí yín ká ló sì ń lò ó. Ìgbì 2.4 GHz pín sí àwọn ọ̀nà tó ní nọ́ńbà (channel), 1, 6 àti 11 ni wọ́n sì sábà máa ń lò nítorí wọn kò wọnú ara wọn; ní ilé tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí, ẹ yan èyí tí èrò kò pọ̀ lórí rẹ̀ nínú wọn. Ẹ lo 5 GHz nínú yàrá tí ráútà wà àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀kùn irin, dígí ńlá àti táǹkì omi ń dí i lọ́nà, nítorí náà ẹ gbé ráútà sókè sí àárín ilé, kì í ṣe sílẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń gba Wi-Fi kó tó tún un gbé jáde máa ń mú kí abẹ̀bẹ̀ kún, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbì kan náà ló fi ń gbà tó sì fi ń gbé e jáde, ìyára lè dín kù tó ìdajì. Okùn tí ẹ fà láti ara ráútà dé yàrá kejì dára jù wọ́n lọ fíìfíì.

Ṣùgbọ́n ráútà tó ń lo káàdì SIM ní ìṣòro tirẹ̀. Wi-Fi fẹ́ kó wà ní àárín ilé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìta sì fẹ́ kó wà lójú fèrèsé tó kọjú sí òpó. Bí ẹ kò bá lè ṣe méjèèjì, ẹ fi ti ìta ṣáájú, nítorí Wi-Fi kò lè pín ohun tí kò wọlé.

Ohun tí a ṣe fún màmá nìyẹn. A fi fóònù mẹ́ta tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn yàtọ̀ síra ṣe àyẹ̀wò ní aago mẹ́jọ alẹ́, a sì rí ọ̀kan tí détà rẹ̀ tó ń jáde kò wálẹ̀ kúrò ní 5 Mbps. Ráútà wọn àtijọ́ kò gba SIM mìíràn ju ti ilé-iṣẹ́ tó tà á lọ, ṣùgbọ́n tuntun tí wọ́n rà ń gba èyíkéyìí, nítorí náà owó wọn kò ṣòfò. A gbé e kúrò lórí tábìlì ìkọ́ni lọ sójú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láti ìgbà náà, abẹ̀bẹ̀ orí fóònù wọn nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ni dín ìlà kan sí ti tẹ́lẹ̀, àwọn òbí kò sì pè mọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́.