Lineal: àga tí àjọ kankan ò lè gbà lọ́wọ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò

Ní 2017, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Anthony Joshua na Wladimir Klitschko, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tí àríyànjiyàn ti fẹ́ẹ̀ di ìjà. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ kúrò lórí ẹni tó ń gẹ̀. Ó ní ọmọ Ṣágámù ti di ọba gbogbo abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò láyé, kí ẹni tí kò bá gbà wá sọ ọ́ lójú òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tẹ fóònù lórí bẹ́ǹṣì dá a lóhùn láìgbójú sókè:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Bẹ́líìtì ni AJ ní. Tyson Fury ni lineal.”

“Líníà kí ni?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà ò sì rí i ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ ohun tó sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to àwọn heavyweight, ìyẹn àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó wúwo jù, láti orí ẹni tó ju gbogbo wọn lọ, fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn.

Lineal ni ẹni tó na ẹni tó wà lórí àga, ìyẹn ipò ọba àwọn heavyweight. Ẹni tó nà yẹn náà ti na ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú, a óò sì máa kà á bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn títí a ó fi kan John L. Sullivan, ọmọ Boston tó wà lórí àga láti ìgbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán jà títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀wọ́. James Corbett ló na Sullivan ní New Orleans ní 1892; wọ́n jà á dé abala 21 kí Sullivan tó ṣubú tí kò lè dìde. Bob Fitzsimmons na Corbett ní 1897, Jim Jeffries na Fitzsimmons ní 1899. Bí ẹni ń ki oríkì ìran ló ṣe ń dún létí, àmọ́ a kì í jogún àga yìí. Ọmọ Sullivan ò lè wí pé ó kan ilé àwọn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá gbé onílé ṣubú.

Ti bẹ́líìtì yàtọ̀. Àjọ tó ń ṣàkóso ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló ń fún èèyàn ní bẹ́líìtì, àmì oyè wọn, àwọn tó lórúkọ nínú wọn sì di mẹ́rin: WBA, WBC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, IBF ní 1983, WBO ní 1988. Kálukú wọn ló ní ọba tirẹ̀, kálukú wọn ló sì ń gba owó lórí ìjà tí bẹ́líìtì rẹ̀ bá wà ńlẹ̀ fún. Ohun tí àjọ fún ọ, àjọ lè gbà á. Bí wọ́n bá ní lágbájá ló kàn tí o máa bá jà, tí o ní o ò jà, wọ́n á rọ̀ ọ́ lóyè láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ọ́ létí. Ẹlòmíràn á tiẹ̀ rọ ara rẹ̀. Ní ìparí 1992, tí ọ̀rọ̀ Riddick Bowe àti Lennox Lewis tí WBC ní kó bá jà ò wọ̀, Bowe gbé bẹ́líìtì náà, ó jù ú sínú ike ìdọ̀tí níwájú àwọn oníròyìn ní London. Bẹ́líìtì wà nínú ìdọ̀tí, àga ṣì wà lábẹ́ Bowe. Ìgbà tí Evander Holyfield nà án ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó dìde níbẹ̀.

Ìtàn George Foreman ló máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù. Ní January 1973, ní Kingston ní Jàmáíkà, ó gbé Joe Frazier ṣubú lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín abala méjì, ó gba àga. Ní 30 October 1974, wọ́n gbé àga náà dé Kinshasa. Foreman jẹ́ ọmọ ọdún 25, ó ti ja ìjà 40, ẹnikẹ́ni ò tíì nà án rí. Muhammad Ali ti pé 32. Ali fara ti okùn, ó fi apá méjèèjì bo ojú, ó ń jẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni náà máa lù títí agbára fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ní abala kẹjọ, ẹ̀ṣẹ́ mélòó kan péré ló gbé Foreman yí bírí, ó ṣubú, àga sì pa dà sọ́dọ̀ Ali.

Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 5 November 1994, Foreman gun orí pèpéle ìjà ní Las Vegas láti bá Michael Moorer jà, ìyẹn ẹni tó ti na Holyfield tó na Bowe. Foreman ti di ẹni ọdún 45, ikùn ti yọ. Ṣòkòtò pupa tó wọ̀ ní Kinshasa náà ló wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Angelo Dundee, tó wà lẹ́yìn Ali ní Kinshasa tó ń fún un ní omi, ẹ̀yìn Foreman ló wà báyìí. Fún abala mẹ́sàn-án, Moorer ń lù ú bí ó ṣe wù ú. Ní ìkẹwàá, Foreman ta ọwọ́ ọ̀tún kúkúrú kan sí i lágbọ̀n, Moorer sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Bí wọ́n ṣe kà á tán, bàbá náà lọ kúnlẹ̀ ní igun rẹ̀, ó ń gbàdúrà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. WBA ní kó bá Tony Tucker jà, kò jà, wọ́n gba bẹ́líìtì wọn. IBF ní kó tún bá Axel Schulz jà, kò gbà, tiwọn náà lọ. Síbẹ̀ ta ló na Foreman? Kò sí. Nítorí náà òun ló wà lórí àga títí di November 1997, nígbà tí àwọn adájọ́ gbé ìjà fún Shannon Briggs ní Atlantic City. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wo ìjà yẹn ló ní ojú adájọ́ ti fọ́. Àmọ́ adájọ́ ti dájọ́ náà, Briggs jókòó. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Lewis na Briggs, ó gba àga.

Àléébù rẹ̀ nìyẹn o. Briggs àti Ali wà nínú ìlà kan náà. Leon Spinks náà wà níbẹ̀, ẹni tí ìjà méje péré ti ṣáájú ìjà tó fi na Ali ní 1978. Ìlà yìí sọ fún wa pé ẹnì kan jókòó. Kò sọ bó ṣe wúwo tó.

Ìlà náà tún máa ń já. Bí ẹni tó wà lórí àga bá fẹ̀yìn tì láìjẹ́ pé ẹnìkan nà án, bíi Gene Tunney ní 1928 tàbí Rocky Marciano tó lọ ní 1956 pẹ̀lú ìjà 49 tí kò pàdánù ọ̀kan, kò sí ẹni tí èèyàn máa nà láti gbà á. Wọ́n á wá ní kí ẹnì kìíní àti ẹnì kejì tó kù jà, kí wọ́n fi so okùn padà. Ta ló yan ẹnì kìíní? Àwọn tó ń kọ ìròyìn ẹ̀ṣẹ́ ni. Lẹ́yìn tí Lewis fẹ̀yìn tì ní 2004, ọdún márùn-ún kọjá kí ọ̀pọ̀ tó gbà pé Wladimir Klitschko ti so ó. Àwọn kan ò gbà títí dòní, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Vitali, wà nínú àwọn tó lágbára jù nígbà náà, àwọn méjèèjì sì ti ṣèlérí fún ìyá wọn pé àwọn ò ní bá ara wọn jà. Ta ló fẹ́ dá ìyá lẹ́bi?

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tí wọn ò jẹ́ kó sún mọ́ àga rárá. Peter Jackson, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti Ọsirélíà, bá Corbett jà ní San Francisco ní 1891. Abala 61 ni wọ́n jà, kò sí ẹni tó borí. Ọdún kejì, Corbett ni wọ́n fún láǹfààní àti bá Sullivan jà; Sullivan ti ní òun ò ní bá èèyàn dúdú jà. Jack Johnson, èèyàn dúdú, ní láti lépa Tommy Burns tó wà lórí àga dé Sydney kó tó rí i nà ní 1908. Nígbà tí Johnson pàdánù àga sọ́wọ́ Jess Willard ní Havana ní 1915, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn dúdú títí Joe Louis fi gbà á ní 1937. Harry Wills, èèyàn dúdú, dúró de Jack Dempsey tó wà lórí àga títí ọjọ́ orí fi lọ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìlà yẹn láìka orúkọ àwọn wọ̀nyí, ìdajì ìtàn ló kà.

Bí èmi ṣe ń tò wọ́n nìyí: mo máa kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó, lẹ́yìn náà màá bi í pé ta lo nà kí o tó jókòó, ta lo sì nà nígbà tí o wà níbẹ̀. Louis jókòó fún nǹkan bí ọdún méjìlá, ó gbèjà àga lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èèyàn ò ṣe é rí nínú àwọn heavyweight. Síbẹ̀ Ali ni mo fi ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba àga, ọwọ́ Sonny Liston àti Foreman ló sì ti gba méjì nínú rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rù àwọn méjèèjì ń ba gbogbo ayé. Onígbàjámọ̀ wa ní Mike Tyson ni. Mo fi í sílẹ̀ fún un.

Ọmọ náà ò kúkú jẹ̀bi. Joshua ṣubú ní abala kẹfà ní Wembley, ó dìde, ó na Klitschko ní ìkọkànlá, ìjà ńlá ni. Ṣùgbọ́n Klitschko ò sí lórí àga mọ́ nígbà náà, Tyson Fury ti nà án ní Düsseldorf ní November 2015. Fury fi bẹ́líìtì sílẹ̀, ó wà nílé, kò jà fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Àwọn kan ní okùn ti já níbẹ̀, àwọn kan ní ẹni tí a ò nà ṣì jókòó. Bẹ́líìtì láìsí àga, bíi ti Joshua, ni Henry Akinwande, ọmọ wa tí wọ́n bí ní London, náà ní: ó gba ti WBO ní 1996, nígbà tí Foreman wà lórí àga.

Ní May 2024, Oleksandr Usyk na Fury ní Riyadh, bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àga pàdé lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo lọ gẹrun lọ́sẹ̀ yẹn. Fọ́tò Joshua ṣì wà lára ògiri. Onígbàjámọ̀ wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín:

“Ṣé ẹ rí i báyìí? Usyk tó na AJ lẹ́ẹ̀mejì náà ló gba líníà lọ́wọ́ Fury yín.”