Short film kì í ṣe fíìmù tówó ò tó parí

Àwọn ọmọ tó ń ṣe fíìmù ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù ti wá pọ̀ gan-an, fóònù kan, máìkì kékeré kan, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn rò pé short film ni fíìmù tówó tán lórí ẹ̀, tàbí skit tó gùn díẹ̀. Rárá o.

Ká kọ́kọ́ mú ti àkókò kúrò ńlẹ̀. Àwọn tó ń fúnni ní Oscar l'Amẹ́ríkà ní tí fíìmù ò bá ti ju ìṣẹ́jú 40 lọ, tòun ti orúkọ àwọn òṣèré tó máa ń yí lọ sókè níparí, short film ni, tó bá ti lé, ó ti di feature, ìyẹn fíìmù gígùn, nìyẹn. Cannes, àjọ̀dún fíìmù ńlá ní Faransé, le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú 15 ni tiwọn mọ, torí náà ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síbì kan kó yáa ka òfin ibẹ̀. Láyé àtijọ́ gbogbo fíìmù ló kúrú, ti àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe fíìmù, ní Faransé ní 1895, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó ìṣẹ́jú kan, torí ibi tí téèpù fíìmù inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yàwòrán gùn mọ nìyẹn.

Inú ìtàn gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká mú àárọ̀ Ojúde Ọba. Bàbá kan, gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ti gbaṣọ, tiẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀ torí kò tíì san owó tó kù. Tó bá jẹ́ short film, ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ti tó. Agbádá ń bẹ lórí hángà, télọ̀ ń lọ aṣọ ẹlòmíì, kò tiẹ̀ wojú bàbá, ìlù àwọn ẹgbẹ́ ń kọjá lóde. Bàbá yọ fóònù, ó wò ó, ó dá a padà sápò, a ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kù tó lè pè. Ṣé télọ̀ máa fún un àbí kò ní fún un, gbogbo ọ̀rọ̀ ò ju ìyẹn lọ. A ò nílò ìyàwó ẹ̀, a ò nílò ilé ẹ̀.

Tó bá wá di feature, a máa fẹ́ mọ ibi tówó bàbá gbà lọ, ìyàwó tó yá a lówó gàrí á bínú, àbúrò tó wà l'Ékòó á dé pẹ̀lú tiẹ̀, télọ̀ pàápàá á ní wàhálà nílé, gbogbo ẹ̀ á wá pàdé lójúde níṣojú gbogbo ìlú. Ẹni tó bá kàn fa ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn gùn dé wákàtí méjì, mọ́tò tó ń wọ géètì la máa máa wò títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ṣáà mọ irú fíìmù tí mò ń sọ. Skit ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín, ó parí.

Ti owó náà yàtọ̀. Bàbá Ogunde wa ará Ọ̀ṣọ́sà, feature ni wọ́n ṣe, èèyàn ń sanwó wọlé wò ó. Short film kì í sábà ta tíkẹ́ẹ̀tì, YouTube àti ìdíje ló ń lọ, wọ́n fi ń mọ̀ pé o mọṣẹ́, kí ẹni tó lówó lè fi feature lé ẹ lọ́wọ́.

Ojú ìwé script kan, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ kọ ìtàn fíìmù sí, máa ń tó bí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Tójú ìwé yín bá jẹ́ mẹ́wàá, tórúkọ èèyàn mẹ́sàn-án wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ tún fẹ́ yà á ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìkẹ́nnẹ́ àti Èkó, feature lẹ̀ ń kọ yẹn, ẹ yáa tètè wá owó.