Kí ni SYN, kí ló sì kan owó tó wà ní báńkì?

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ìròyìn kan gba orí fóònù gbogbo àwa Yorùbá tí à ń gbé Kubwa: ìkànnì báńkì kan kò ṣí láti àárọ̀, wọ́n ní "SYN flood" ló fà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Wuse ti pè mí. "Ọmọ mi, wọ́n ní flood. Ṣé omi ló ya wọ ibi tí wọ́n ń kówó sí ni?" Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe. Ohun tí mo sọ fún wọn àti ohun tí àwọn mìíràn bi mí lẹ́yìn náà nìyí.

Kí ni SYN gan-an?

Ọ̀kan nínú àwọn àsíá TCP ni. TCP ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ kò fi ní sọnù lọ́nà. Ọdún 1981 ni ìwé ìlànà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé jáde, wọ́n sì tún un kọ ní 2022. Ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́, TCP á pín in sí ìdì kéékèèké, á sì lẹ àkọlé mọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan. Inú àkọlé yẹn ni àsíá mẹ́jọ wà. Kì í ṣe aṣọ o: tí wọ́n bá ta á, 1 ni, tí wọn kò bá ta á, 0 ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?

Ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà onílé kì í ṣàdédé wọlé. Á ké "Àgò o!" Onílé á dáhùn pé "Àgò yà!" Àlejò á wá wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni TCP. Fóònù yín á ta SYN. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fóònù yín ń pè, á ta SYN àti ACK (àsíá "mo gbọ́") pọ̀ nínú ìdì kan: mo gbọ́, èmi náà ń ké sí ọ. Fóònù á ta ACK: èmi náà gbọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀mẹta? Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tó fi ń ka ohun tó ń fi ránṣẹ́, kí èyí tó bá sọnù lè hàn. SYN ló ń gbé ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà lọ. Tí kò bá sí ìdáhùn kẹta, sáfà kò ní mọ̀ bóyá nọ́ńbà tirẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó pè é.

Mo fi tcpdump, irinṣẹ́ tó ń fi ìdì tó ń lọ tó ń bọ̀ hàn, wò ó lórí kọ̀ǹpútà mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí mo ṣe ń ṣí ìkànnì kan. Ìlà kìíní: [S]. Ìkejì: [S.]. Ìkẹta: [.]. Àmì ìdánudúró yẹn ni ACK. Lẹ́yìn náà ni [P.] dé, ìyẹn PSH: má fi pamọ́, gbé e fún un kíákíá.

Tí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn ńkọ́? Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa á sọ "Salamu alaikum" lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì padà. Linux, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń tún SYN pè léraléra. Á kọ́kọ́ máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 1, tó bá yá á dúró fún 2, á dúró fún 4, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa di ìlọ́po méjì, títí ìṣẹ́jú méjì á fi kọjá kó tó gbà pé kò sẹ́ni nílé.

Àwọn àsíá yòókù ńkọ́?

FIN ni "ó dàbọ̀", ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. RST ni kí onílé pàlẹ̀kùn mọ́ni lójú. URG kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ mọ́. ECE àti CWR dé ní 2001 láti kéde súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bíi ti ọ̀nà Nyanya láàárọ̀, kí ẹni tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ lè rọra.

Ṣé gbogbo ohun tó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ké àgò?

Rárá. UDP, ìlànà mìíràn tí kọ̀ǹpútà fi ń fi nǹkan ránṣẹ́, kì í ké e, òun sì ni ìpè fídíò sábà máa ń gbà.

Kí wá ni SYN flood?

Ẹ jẹ́ ká ní onílé máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti ké àgò. Ọ̀tá kan wá ń ké àgò nígbà ẹgbẹ̀rún, orúkọ ẹlòmíràn ló ń dá, kò sì wọlé. Ẹní yẹn ni àyè tí sáfà ń yà sọ́tọ̀ fún ìpè kọ̀ọ̀kan. Ẹní á kún pálọ̀. Àlejò tòótọ́ dé, kò ríbi jókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Panix, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní New York, nìyẹn ní oṣù Kẹsàn-án 1996. Lọ́dún yẹn kan náà, Daniel J. Bernstein, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, gbé ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní SYN cookies kalẹ̀: onílé kò ní tẹ́ ẹní mọ́ kí àlejò tó wọlé. Yóò ṣírò nọ́ńbà kan tó bá àlejò yẹn nìkan mu, á fi sínú ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá mú un padà wá ló ní ẹní. Ẹni tó fi àdírẹ́sì èké pè kò ní gbọ́ ìdáhùn, nítorí náà kò ní rí nọ́ńbà mú wá.

Fóònù mi kọ "connection reset". Ta ló já a?

RST ló dé. Ó lè jẹ́ pé sáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló tún tan. Ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn láàárín ọ̀nà. Ní 2007, àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé Comcast, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, ń fi RST èké já àwọn tó ń lo BitTorrent láti pín fáìlì láàárín ara wọn. Ní 2008, FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ṣé wọ́n lè fi SYN flood kó owó mi lọ?

Rárá. Ẹnu ọ̀nà ló ń dí, kò wọ yàrá.

Kí ló wá yẹ kí n bẹ̀rù?

Títún un tẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo ń fowó ránṣẹ́ sí ẹni tó tún jẹnẹrétọ̀ mi ṣe, ìsopọ̀ já, mo tún un tẹ̀, owó sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. RST ń sọ pé ọ̀rọ̀ já ni. Kò sọ bóyá báńkì ti yọ owó kí ó tó já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iye tó kù nínú àkáǹtì yín, ẹ wo àkọsílẹ̀ owó tó jáde, kí ẹ tó tún nǹkan kan tẹ̀.

Èkejì ni àwọn tí yóò pè yín lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ pé àwọn ń so àkáǹtì yín padà, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wọ fóònù yín fún wọn. Orí sáfà ni wọ́n ti ń tún SYN flood ṣe. Kò sí ohun tí wọ́n nílò lọ́wọ́ oníbàárà. Ìyá aláṣọ yẹn sọ fún mi pé ẹnìkan ti pe àwọn lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀, ó sì ní òun á tún pè. Mo ní kí wọ́n má gbé e mọ́, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé báńkì lọ́jọ́ kejì.